Ta Gìtá Kan

Òtútù Saskatchewan yìí ń bu èèyàn jẹ létí.
Bọ́ọ̀sì ọmọléèwé tí mò ń wà kò fẹ́ jí láàárọ̀;
mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣépè fún un, mo tún bẹ̀ ẹ́.
Ṣùgbọ́n kí n tó jáde lọ bá a,
mo ti kọ́kọ́ ṣí àpótí márùn-ún wò:
ṣé wọ́n sùn dáadáa? Ṣé òùngbẹ kò gbẹ wọ́n?

Igi a máa mu omi lẹ́yìn tó ti kú.
Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ní ń fa omi ara wọn gbẹ,
àyà a rì, ojú a sán,
kí o tó mọ̀, ohùn ti di ti arúgbó tí kò léyín.
Ìdí nìyí tí mo fi lu ike ọṣẹ níhò,
tí mo ki kànrìnkàn tútù sínú rẹ̀,
tí mo tẹ́ ẹ sí abẹ́ ọrùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.
Marlys, ìyàwó mi, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife kọfí:
"Òdòdó mi mẹ́ta ló ti gbẹ kú lójú fèrèsé."
N kò rí èsì fún un.

"Ọwọ́ méjì lo ní, Orest. Gìtá márùn-ún!"
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n ṣàlàyé.
Àkọ́kọ́, owó ìkórè àlìkámà ni mo fi rà á,
ọrùn rẹ̀ ki bí ọwọ́ ṣọ́bìrì.
Èkejì, olókùn méjìlá:
ìdajì ayé mi ni mo fi ń yí i létí,
ìdajì yòókù ni mo fi ń gbọ́ pé kò tíì bọ́ sípò.
Ẹ̀kẹta, n kì í sọ iye tí mo rà á.
(Marlys mọ̀ ọ́n. Ó rí rìsíìtì nínú bàtà yìnyín mi.)
Ẹ̀karùn-ún, igi kédárì, àwọ̀ tíì tí kò ní mílíìkì.

Mo fo ẹ̀kẹrin. Mo mọ̀.

Lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, nínú yàrá ìdáná gbọ̀ngàn họ́kì,
èmi àti Desmarais oníṣòwò táyà,
àti Thérèse Gaudry, nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú fáólíìnì rẹ̀.
Wákàtí méjì la fi jiyàn lórí okùn,
ṣé idẹ pupa ni àbí idẹ tó ní fósífọ́rọ̀ọ̀sì;
ogún ìṣẹ́jú la fi ṣeré.
Mo ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta,
kọ́ọ̀dù F ṣì ń fi mí ṣẹ̀sín:
ìka kan ṣoṣo, bí ìtì igi tó wó dí ọ̀nà mẹ́fà.
Okùn mẹ́fà ni mo ní. Òkun jìnnà sí wa níhìn-ín,
okun ọwọ́ náà sì ti ń dín kù.
Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn F a dún,
a dún, mo wò yíká bóyá ẹlòmíràn ló tẹ̀ ẹ́.

Píìkì mi wà nínú àpò gbogbo ṣòkòtò.
Ó wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ.
Lẹ́ẹ̀kan, ó wà nínú ọbẹ̀ bíìtì, Marlys ló jẹ ẹ́ kàn.
Ọjọ́ yẹn ló sọ ọ́, láì gbé ojú sókè:
"Ta gìtá kan nínú wọn, jọ̀ọ́."
Mo dìde.
Mo gbé ẹ̀kẹrin jáde, mo jókòó tì í,
mo ta gìtá.

Ó kéré, bí ti ọmọdé. Opó kan, Ìyáàfin Zaporozan,
ló gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà ìpẹja ọkọ rẹ̀
àti ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́.
Kò bá mi dúnàá-dúrà. Ó kàn nu ojú rẹ̀ nù.
Láti ìgbà náà, bí mo bá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́,
nǹkan kan a yí gbirigbiri nínú ikùn rẹ̀.
N kò yọ ọ́ rí.

Mo ṣi kọ́ọ̀dù mú lẹ́ẹ̀mejì. Marlys ò rẹ́rìn-ín.
Nígbà tí mo gbé e nílẹ̀, ó ní:
"Kí ló ń dún nínú ẹ̀?"
Mo ní n kò mọ̀.
Ó ti ọbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
ó lọ mú tọ́ọ̀ṣì wá.